Láti Earlswood Dé Brighton: Ọ̀nà Tó Gbé Àgbàlagbà Tó Ní Ìpèníjà Òye Dé Ilé Ara Rẹ̀

Ìlànà tí wọ́n ń pè ní supported living ní ilẹ̀ England àti Wales kò ṣòro láti sọ. Àgbàlagbà tó ní ìpèníjà òye yóò gba ilé lórúkọ ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tó bá nílò yóò sì wá bá a níbẹ̀. Ìpèníjà òye tí à ń wí yìí ni èyí tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn tàbí tó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, tó ń mú kí ìwé kíkà, ìṣirò owó, kíkọ́ nǹkan tuntun tàbí dídá gbọ́ bùkátà ara ẹni nira. Ó yàtọ̀ sí àrùn ọpọlọ tó lè kọlu ẹni tó ti dàgbà. Ó gbà wọ́n ju 100 ọdún lọ kí wọ́n tó dé orí ìlànà yìí, àwọn ibi tí wọ́n sì gbà kọjá ṣì wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin lè gbé arìnrìnàjò dé ọ̀pọ̀ nínú wọn: láti Surrey ní gúúsù London, sí Teddington, sí ẹ̀gbẹ́ Bristol, sí Cardiff, kí ó tó kó orí padà sí Brighton létí òkun. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ló ń padà yọjú: ta ló ń pinnu bí ọjọ́ ẹni tí ń gbé inú ilé náà yóò ṣe rí?

Ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró ní àwọn ibùdó kékeré lójú ọ̀nà Brighton máa ń dé Earlswood lẹ́yìn tó bá ti kúrò ní Redhill. Ilé ńlá kan wà ládùúgbò náà tó nà gbọọrọ. Fúláàtì ni wọ́n ti sọ ọ́ dà lónìí, àwọn èèyàn ń rà á wọ́n sì ń gbé ibẹ̀. Prince Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, ló fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1853, òun náà ló sì padà wá ṣí i ní 1855. Ilé yìí, tí wọ́n wá ń pè ní Royal Earlswood, ni àkọ́kọ́ ní England tí wọ́n dìídì kọ́ fún àwọn tó ní ìpèníjà òye. Èrò àwọn tó dá a sílẹ̀ kò burú. Ṣáájú ìgbà náà, ilé àwọn aláìní, ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ni wọ́n ń kó irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí. Andrew Reed, àlùfáà tó ṣáájú nínú ìdásílẹ̀ rẹ̀, gbà pé wọ́n lè kọ́ ìwé, wọ́n sì lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

James Henry Pullen fi hàn pé òótọ́ ni. Kò gbọ́ràn dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì já gaara, àmọ́ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà, ọwọ́ rẹ̀ dá débi pé gbogbo England gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó fi ọdún méje gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó jọ Great Eastern, ọkọ̀ tó tóbi jù lọ láyé ìgbà náà, kò sì yọ ohunkóhun sílẹ̀ nínú ohun tó wà lára ọkọ̀ ńlá. Wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nínú ọgbà, àwọn ọlọ́lá ń wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ Earlswood náà ló kú sí ní 1916, ẹni tó lè fi igi kọ́ odindi ọkọ̀ kò sì gbé ilé tirẹ̀ rí láyé.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀kọ́ ń dín kù, èrò ń pọ̀ sí i, ibi tí wọ́n ní kí ènìyàn ti kọ́ṣẹ́ sì di ibi tí wọ́n ń fi ènìyàn pamọ́ sí. Ní 1941, wọ́n mú Nerissa àti Katherine Bowes-Lyon wá síbẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí bàbá wọn jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Nígbà tó di 1963, ìwé Burke's Peerage, tí wọ́n ń kọ ìran àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí, tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn méjèèjì ti kú. Nerissa wà láyé títí di 1986, Katherine sì wà láyé títí di 2014. Ìdílé tó sún mọ́ ààfin nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ló ń gbé ènìyàn sínú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí pé owó nìkan ló ń yọ ọ́, kí ó ro ti àwọn ọmọbìnrin méjì yìí wò. Earlswood kógbá sílé ní 1997.

Láti Redhill, ibùdókọ̀ kan péré ni Reigate. Níbẹ̀ ni Jack Tizard, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ti ṣe àdánwò kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀. Ní 1958, ó mú ọmọ 16 kúrò ní Fountain Hospital ní London, ilé ìwòsàn ńlá tí ọ̀pọ̀ ọmọ kún wọ́ọ̀dù rẹ̀, ó kó wọn wá sí Brooklands, ilé kan ní Reigate. Ó fi ọmọ 16 mìíràn tí ipò wọn jọra sílẹ̀ sí wọ́ọ̀dù kí ó lè fi wọ́n wé ara wọn. Ní Brooklands, ẹgbẹ́ kékeré kékeré ni wọ́n pín wọn sí, òṣìṣẹ́ kan náà ló ń tọ́jú ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí a ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé. Lẹ́yìn ọdún méjì, èdè ẹnu àwọn tó wà ní Brooklands ti kúrò níbi tí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní wọ́ọ̀dù wà, ara wọn sì balẹ̀ jù. Ohun tí àwọn dókítà ti gbà fún àmúwá ọ̀run, apá kan rẹ̀ jẹ́ àfọwọ́fà wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀.

Tizard kò dúró síbẹ̀. Ní 1971, òun, Roy King àti Norma Raynes tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣèwádìí oríṣiríṣi ilé tí àwọn ọmọ ń gbé. Àbájáde rẹ̀ ya àwọn tó gbà pé kí ilé ṣáà ti kéré lẹ́nu. Wọ́n rí i pé ibi tí olórí ilé ti lè fúnra rẹ̀ pinnu oúnjẹ, àkókò àti ìnáwó ni ìtọ́jú ti bá ọmọ kọ̀ọ̀kan mu. Ibi tí gbogbo àṣẹ ti ń wá láti ọ́fíìsì òkè ni wọ́n ti ń jí gbogbo ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń fọ̀ wọ́n lórí ìlà, yálà ilé tóbi ni o tàbí ó kéré. Ohun tí ìwádìí yẹn sọ kò tíì di ti àtijọ́.

Kí arìnrìnàjò tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó dára kí ó yà sí Normansfield ní Teddington, nítòsí ibùdókọ̀ Hampton Wick. John Langdon Down ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Mary ìyàwó rẹ̀ ní 1868, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tó fi jẹ́ dókítà àgbà ní Earlswood. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ipò tí ayé mọ̀ sí Down's syndrome. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé kan fún wọn ní 1879 tí ẹwà rẹ̀ kò tíì ṣá. Àmọ́ nígbà tó fi máa di 1976, ibẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì ní láti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Òun náà tì ní 1997. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Down's Syndrome Association àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n fi apá kan rẹ̀ ṣe báyìí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọwọ́ Pullen wà, tí ènìyàn lè fojú ara rẹ̀ wò.

Ọkọ̀ ojú irin láti Paddington ní London ń dé Bristol Parkway, Hambrook kò sì jìnnà síbẹ̀. Abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn aládàáni kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Winterbourne View. Wọ́n ṣí i ní 2006, ibùsùn 24 ló wà nínú rẹ̀, kò sì jọ Earlswood rárá: ilé tuntun ni, ó mọ níwọ̀n, ó sì mọ́ tónítóní. Nǹkan bíi £3,500 ni ìjọba ń san lórí ènìyàn kan lọ́sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2011, ètò Panorama ti BBC gbé àwòrán jáde tí akọ̀ròyìn kan fi kámẹ́rà tó fi pamọ́ sára yà. Gbogbo Britain rí bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lu àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú, tí wọ́n ń fà wọ́n nílẹ̀, tí wọ́n ń da omi lé wọn lórí, tí wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Terry Bryan, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti kọ́kọ́ ké sí àjọ tó ń bójú tó ìtọ́jú, wọn kò dá a lóhùn bó ti yẹ. Òṣìṣẹ́ 11 ló jẹ̀bi ní kóòtù, mẹ́fà nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n, ilé náà sì tì nínú oṣù kẹfà ọdún kan náà.

Ìjọba ṣèlérí ní ìparí ọdún 2012 pé nígbà tó bá fi di oṣù kẹfà 2014, ẹnikẹ́ni tí kò yẹ kó wà ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ yóò ti padà sáàárín ará ìlú. Ìlérí náà kò ṣẹ. Wọ́n tún gbé ètò mìíràn kalẹ̀ ní 2015, síbẹ̀ ní 2024, nǹkan bíi 2,000 ènìyàn tó ní ìpèníjà òye tàbí autism ló ṣì wà nínú ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní England. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le kò farasin. Kí ẹnì kan tó lè kúrò ní ibùsùn, ilé gbọ́dọ̀ ti wà fún un, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ ti wà ní sẹpẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ àti ètò ìlera sì gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò lórí ẹni tí yóò san owó. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹni náà yóò wà níbi tó wà. Àwọn mìíràn ti lo ju ọdún mẹ́wàá lọ báyẹn. Ó jẹ́ ohun ìtìjú fún orílẹ̀-èdè tó ní òfin tó báyìí.

Láti Bristol Parkway, ọkọ̀ ojú irin wọ ihò abẹ́ odò Severn, tó gùn tó kìlómítà méje, ó sì jáde sí Wales. Cardiff ni ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà, ibi tó sì ti bẹ̀rẹ̀ kò dùn-ún gbọ́. Ní 1967, ìwé ìròyìn News of the World tẹ ohun tí òṣìṣẹ́ kan ní Ely Hospital, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, rí: wọ́n ń lu àwọn aláìsàn, àwọn kan ń jí oúnjẹ àti aṣọ wọn. Geoffrey Howe, agbẹjọ́rò tó padà di mínísítà ńlá, ló darí ìwádìí, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1969. Kò sí ìròyìn irú rẹ̀ tó jáde ṣáájú tó mi ìjọba tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé ètò ìjọba kan sọ ọ́ kedere pé kí iye ibùsùn nínú àwọn ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ dín kù sí bí ìdajì láàárín 20 ọdún. Ó lé ní 50,000 ènìyàn tó ń gbé inú wọn nígbà náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Cardiff kò dúró de ìjọba. Wọ́n ti ń lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Ely, wọ́n sì ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Ní 1974, wọ́n gba ilé kan ní Ruthin Gardens, àdúgbò Cathays, tí kò jìnnà sí yunifásítì, àwọn kan nínú wọn sì bá àwọn tó kúrò ní Ely gbé ibẹ̀ pọ̀. Ilé lásán láàárín ilé ni. Kò sí wọ́ọ̀dù, kò sí aṣọ nọ́ọ̀sì, kò sí agogo tí wọ́n ń lù fún oúnjẹ. Òpópónà náà ṣì wà bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹni tó bá ń kọjá kò lè tọ́ka sí ilé tí wọ́n ti ṣe ohun ńlá yẹn, bó sì ti yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Jim Mansell jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yẹn gbà lọ́kàn. Ó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Kent, ó sì darí ilé ìwádìí tó ń jẹ́ Tizard Centre kí ó tó kú ní 2012. Báyìí ni orúkọ ọkùnrin Reigate àti iṣẹ́ ọmọ Cardiff ṣe pàdé.

Ní 1981, ètò NIMROD bẹ̀rẹ̀ ní Cardiff. Wọ́n gba àwọn ilé tó jọ ti aládùúgbò, wọ́n fi àwọn tí ìpèníjà wọn le gan-an sínú wọn pẹ̀lú òṣìṣẹ́. Ní 1983, ìjọba gbé All Wales Strategy kalẹ̀ fún gbogbo Wales lórí ìpìlẹ̀ mẹ́ta: ẹ̀tọ́ láti gbé ayé bí ará ìlú yòókù, ẹ̀tọ́ kí wọ́n rí ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tó dá yàtọ̀, àti ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́ tí èyí yóò bá gbà. Ely tì ní 1996.

Ilé kékeré láàárín àdúgbò nìkan kò tó, òfin ilé gbígbà ni wọ́n fi parí rẹ̀. Nínú ilé ìtọ́jú, ibùsùn, oúnjẹ àti òṣìṣẹ́ jẹ́ ẹrù kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá ní òun kò fẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn mọ́, ilé náà ni yóò fi sílẹ̀. Supported living ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni náà tàbí aṣojú rẹ̀ lábẹ́ òfin ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú onílé, ó sì di ayálégbé tí ẹnikẹ́ni kò lè lé jáde láìgba ọ̀nà òfin. Owó ìrànwọ́ ilé tí ìjọba ń san ló sábà máa ń gbé owó ilé. Ìrànlọ́wọ́ ní tirẹ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń sanwó rẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò; ní England, òfin Care Act ti 2014 ló ń darí rẹ̀. Láti ìgbà tí òfin kan ti jáde ní 1996, ẹni tó bá fẹ́ lè gba owó náà sọ́wọ́ ara rẹ̀ kí ó fi gba òṣìṣẹ́ tó wù ú. Ó ṣeé ṣe kó yí òṣìṣẹ́ padà láìkó kúrò nílé, ó sì ṣeé ṣe kó kó lọ ilé mìíràn kí àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ràn sì tẹ̀ lé e.

Inú ìwé ni gbogbo èyí wà. Ilé mìíràn wà tí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà láti ilé ìtọ́jú sí supported living, tí wọ́n pín ìwé àdéhùn, tí ìgbé ayé inú rẹ̀ kò sì yí padà rárá. Àjọ Care Quality Commission tó ń ṣàyẹ̀wò ìtọ́jú ní England ń wo iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, àmọ́ ilé fúnra rẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, nítorí ilé ayálégbé ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé kan ti rí gbọ́dọ̀ béèrè irú ohun tí àwọn ìlànà tí wọ́n ń pè ní REACH ń béèrè. Ta ló yan ilé náà? Ta ló yan ẹni tí wọ́n jọ ń gbé? Ǹjẹ́ ẹni náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ tuntun? Ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń kan ilẹ̀kùn kí ó sì dúró kí wọ́n ní kó wọlé, àbí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ló fi ń ṣí i? Yàrá tó dára jù nínú ilé, ṣé pálọ̀ ni, àbí wọ́n ti sọ ọ́ di ọ́fíìsì? Ta ló lẹ ìwé tí orúkọ àwọn tó máa wá ṣiṣẹ́ wà mọ́ ara ògiri? Ta ló ra ohun tó wà nínú fíríìjì? Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé ìdáhùn àwọn ìbéèrè kéékèèké yìí ju ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri lọ.

Ohun tí Mansell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún rí ni pé ilé kékeré ń fún ènìyàn láǹfààní, ṣùgbọ́n ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni àǹfààní náà wà. Nínú ilé méjì tó jọra, tí iye òṣìṣẹ́ dọ́gba, ayálégbé ti ọ̀kan lè jókòó sórí àga láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ tí ti èkejì sì ń ṣe nǹkan. Ọ̀nà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Active Support ti ibẹ̀ wá. A lè fi tíì pípò ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí ìpèníjà rẹ̀ le lè má lè po tíì látòkè délẹ̀, àmọ́ ó lè tẹ bọ́tìnnì kẹ́tù tó ń se omi, ó lè ju báàgì tíì sínú ife, ó lè da wàrà sí i bí òṣìṣẹ́ bá di ọwọ́ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ yóò ṣe ibi tí kò lè ṣe, kò sì ní gba ibi tó lè ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Tíì náà yóò pẹ́. Ilẹ̀ lè tutù. Ṣùgbọ́n ẹni náà ló pò ó, nínú ilé rẹ̀, ní àkókò tó wù ú. Bákan náà ni aṣọ fífọ̀, ọjà rírà àti ilẹ̀ gbígbá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti oṣù kejì 2022, nígbà tí ìjọba Britain ṣí físà ìlera fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú, títí di oṣù keje 2025 tí wọ́n tì í fún àwọn tó wà lókè òkun, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló gba ojú ọ̀nà yẹn dé ìdí ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ kíà. Yorùbá kò kéré láàárín wọn. Olùkọ́ wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ báǹkì wà níbẹ̀, àwọn tí kò sun ilé àjèjì rí tẹ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n mú ohun rere wá: sùúrù, ọ̀yàyà, àti ojú tí kò fi àgbàlagbà wé ọmọdé. Ẹni tó ti dàgbà nílé tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà kì í tètè máa bá ẹni 60 ọdún sọ̀rọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àmọ́ ìtọ́jú ní ojú Yorùbá ni pé kí ẹni tí ara rẹ̀ kò le má fọwọ́ kan omi tútù. A óò gbé oúnjẹ fún un, a óò fọ aṣọ rẹ̀, a óò ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ìfẹ́ ni, ó sì lè gba agbára kékeré tó wà lọ́wọ́ ẹni náà. Ohun tó le jù lọ fún òṣìṣẹ́ tó láájò ni kí ó fà sẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn pẹ́ nídìí ife tíì.

Bí wọ́n ti ń sanwó fún iṣẹ́ náà ń dá kún ìṣòro rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe sleep-in, ìyẹn ẹni tó ń sùn sílé ayálégbé kí ó lè dìde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, jà títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pé kí wákàtí orun wọn wọ ìwọ̀n owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin. Ní oṣù kẹta 2021, ilé ẹjọ́ náà ní kò wọ̀ ọ́. Wákàtí tí wọ́n bá fi ṣiṣẹ́ gan-an nìkan ni wọn yóò kà. Owó kékeré ń lé òṣìṣẹ́ kúrò, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ní England ló sì ń fi ibi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́dún. Ayálégbé tí kò lè sọ̀rọ̀ ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ẹni tó mọ̀ pé bó bá ti dijú ọ̀tún, eyín ló ń dùn ún, ti lọ, ẹni tuntun yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Eyín dídùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní England, àwọn tó ní ìpèníjà òye ń kú ní nǹkan bíi 20 ọdún ṣáájú àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ nínú ikú náà ni ìtọ́jú tó tètè dé ì bá sì yẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ara lọ́dọọdún láti ọmọ ọdún 14, àmọ́ àyẹ̀wò náà kò lè ṣiṣẹ́ àyàfi bí ẹni tó mọ ènìyàn náà bá bá a lọ. Oògùn tún wà níbẹ̀. Ní 2015, ìwádìí ìjọba fi hàn pé láàárín 30,000 sí 35,000 àgbàlagbà tó ní ìpèníjà òye ló ń lo oògùn àrùn ọpọlọ láìní àrùn tí wọ́n ṣe oògùn náà fún. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwà tí wọ́n fi oògùn pa mọ́lẹ̀ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹni náà ní láti sọ pé ariwo inú ilé pọ̀ jù tàbí pé òun kò fẹ́ ẹni tí wọ́n fi òun sọ́dọ̀ rẹ̀.

Òfin Mental Capacity Act ti 2005 sọ pé kí wọ́n gbà pé àgbàlagbà lè pinnu fúnra rẹ̀ àyàfi tí ẹ̀rí bá wà pé kò lè ṣe é, àti pé ìpinnu tí kò mọ́gbọ́n dání lójú ẹlòmíràn kò fi hàn pé kò lè pinnu. Ó lè ra ohun tí kò wúlò. Ó lè sanra. Ó lè fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́. Ní 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún dájọ́ lórí ẹjọ́ tó wá láti Cheshire àti Surrey pé ẹni tí kò lè pinnu fúnra rẹ̀ lórí ibi tó ń gbé, tí wọ́n ń ṣọ́ nígbà gbogbo, tí kò sì lómìnira láti lọ, ti pàdánù òmìnira rẹ̀ lábẹ́ òfin, bí ilé náà ti wù kó dára tó. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ilé ayálégbé ni ó ń gbé, adájọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló kà á sí ìwé lásán-làsàn. Síbẹ̀ ó fipá mú ẹnì kan láti òde wá wo inú ilé.

Ibùdó tó gbẹ̀yìn ni Brighton, níbi tí ọ̀nà ojú irin tó gba Earlswood kọjá parí sí. Ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Heavy Load ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1996, àwọn kan nínú wọn ní ìpèníjà òye, àwọn kan kò ní. Bí wọ́n ti ń ṣeré káàkiri, wọ́n ń rí i pé bó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá gbọ́ orin yóò dìde lọ, nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Kò rẹ̀ wọ́n. Ṣíìfùtì òṣìṣẹ́ wọn ló ń parí ní aago mẹ́wàá. Àgbàlagbà tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, tó ní ìwé àdéhùn lórúkọ ara rẹ̀, ń lọ sùn ní àkókò tí ìwé iṣẹ́ ẹlòmíràn bá pàṣẹ. Paul Richards, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, fi ọ̀rọ̀ yìí dá ìpolongo Stay Up Late sílẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni kí àwọn ilé iṣẹ́ ìtọ́jú to ṣíìfùtì wọn lé orí ìgbé ayé ènìyàn.

Ìpolongo náà tún rí ohun tí kò sí nínú àyẹ̀wò kankan. Nínú ayé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ilé bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó mọ orúkọ wọn ni wọ́n ń sanwó fún láti mọ̀ ọ́n, yàtọ̀ sí ẹbí. Gig Buddies bẹ̀rẹ̀ ní 2013 láti wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ń wá ẹni tó ní ìpèníjà òye àti ẹni tí kò ní, tí ohun kan náà wù, bóyá orin régè, bóyá bọ́ọ̀lù tàbí iṣẹ́ ọgbà, wọ́n sì ń so wọ́n pọ̀ kí wọ́n jọ máa jáde ní ìgbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Olùyọ̀ǹda kò gba owó oṣù, kò sí nínú ìwé ṣíìfùtì ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí aago mẹ́wàá tó ń lé e lọ sílé. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti mú ètò náà lò ní Scotland àti ní Sydney, Australia.